Ìyàwó Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Kọjá Níwájú Ọkọ Ilé

Bí ẹ bá dé Alápẹ̀rẹ̀ tí ẹ ní Ràhmát Ògúntúndé lẹ ń wá, wọ́n lè wò yín títí láìfèsì. Ṣùgbọ́n ẹ ní Mummy Kẹ̀kẹ́, kíá ni wọ́n á nawọ́ sílé rẹ̀, wọ́n á sì fi ìtàn kan lé e, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀. Àwọn ọmọdé mọ̀ ọ́n ju àgbà lọ. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nílé ìwòsàn ìjọba kan lápá Ìkòsí. Ìyá tí kò bá gbé ọmọ wá lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, Ràhmát á di báàgì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, á lọ bá a nílé, ìbáà jẹ́ etí omi Agboyi. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n sáré nínú wọn, tó bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ yẹn báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbà lọ.

Ọkọ rẹ̀, Ọládipúpọ̀, káfíńtà ni ní Ketu. Òun ló ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ fún un, tòkúnbọ̀ kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, kí ìyàwó rẹ̀ lè máa rí ọ̀nà gbà láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń já tòmátò ní Mile 12. Èrò tirẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ iṣẹ́ lòun rà. Kò mọ̀ pé òun fọwọ́ ara òun ra ohun tí yóò máa gba ìyàwó lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ Àìkú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ Àìkú kan, Ràhmát ń lọ ra búrẹ́dì. Àwọn kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú títì Ìkòròdú, wọ́n dé akoto sórí, aṣọ wọn pọ́n, búlúù tún wà lára rẹ̀. Ọmọ Gbàgádà àti Ògùdù ni wọ́n, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tí ń gbé inú ẹ̀sítéètì onígéètì. Ràhmát tẹ̀lé wọn. Ó ní òun kàn fẹ́ wo ibi tí wọ́n ń lọ ni. Ọ̀sán ló tó wọlé, òógùn bò ó, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀, búrẹ́dì kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Hidayat, ọmọ wọn obìnrin, ti fi gààrí panu láti àárọ̀.

Ẹgbẹ́ Eléruku ni àwọn yẹn ń pe ara wọn, orúkọ náà sì bá wọn mu. Wọn kì í fẹ́ràn ọ̀nà tí wọ́n da ọ̀dà sí. Ohun tí ọkàn wọn ń fà sí ni yangí, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀nà oko tó ń gun òkè, tó ń sọ̀, tó ń wọ igbó, tó ń jáde. Èkó kò ní irú rẹ̀. Èkó tẹ́ bí ẹní, ibi tí kò bá sì ti ní mọ́tò níbẹ̀, omi ló wà níbẹ̀. Nítorí náà wọ́n á kó kẹ̀kẹ́ sínú bọ́ọ̀sì ní Ketu láàárọ̀ kùtù, wọ́n á forí lé ìhà Ògùn tàbí ti Ọ̀yọ́, ibi tí òkè ti wà.

Kò pẹ́ tí Ràhmát fi di awá-ọ̀nà fún wọn. Desmond, ẹnjiníà kan ní Gbàgádà, ni alága. Desmond á wo máàpù lórí fóònù, Ràhmát á wo ojú ẹni tó ru igi ìdáná bọ̀ láti oko, á kí i, á bi í léèrè ilé àti ọmọ, á wá bi í léèrè ọ̀nà. Bí fóònù Desmond àti ẹnu ìyá onígi bá pàdé síbì kan náà, ọ̀nà nìyẹn. Bí wọn kò bá pàdé, wọ́n á fẹsẹ̀ lọ wò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó ti ń dá Ràhmát lóró láti bí ọdún mélòó kan. Ó fẹ́ kí àwọn gbéra láti ìtòsí Ẹrúwà, kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n gba inú igbó tíìkì, kí wọ́n yí po, kí wọ́n sì gba ọ̀tọ̀ padà láìtẹ ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ibi tó gbà, àpáta ló ń pàdé. Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Ti òkè yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló gba orí rẹ̀ kọjá, ẹ̀yìnkùlé agboolé Ògúntúndé ní abúlé Òkè-Àyìn ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ọkọ Ràhmát gan-an.

Àwọn agégi-lólè ti fojú ẹbí náà rí màbo. Ọ̀kadà ni wọ́n fi ń wọnú igbó lọ jí tíìkì gé. Ẹbí wá fi ọparun ńlá kan dá ojú ọ̀nà, wọ́n fi Yúnúsà, ọdẹ, ṣọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń kọjá níbẹ̀ àfi tí Màmá Àgbà bá sọ̀rọ̀. Màmá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n bàbá Ọládipúpọ̀, àwọn ló kù tó dàgbà jù nínú agboolé. Ohun tí wọ́n bá sọ, ọkùnrin kò dá a padà, obìnrin kò dá a padà.

Ẹ ó ní kí ló wá le níbẹ̀, ṣebí ìyàwó wọn ni Ràhmát, kó lọ tọrọ ọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an ló le sí. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà ṣe ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rá. Ní gbogbo ìgbà tí Ràhmát ti ń lọ sí Òkè-Àyìn, ìró àti bùbá àti hìjáàbù gígùn ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn lára. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń kí gbogbo wọn. Ọdún Iléyá ni, wọ́n ń kó ẹran fún un kó máa sè, ó ń dá wọn lóhùn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ṣé irú ìyàwó yẹn ni yóò wá yọ sí ọkọ ilé nínú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan bí èèpo ẹ̀wà? Ràhmát ní ká má rí i.

Àmọ́ ó ti fọ́nnu. Ẹgbẹ́ Eléruku ti pe àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta pé kí wọ́n wá bá àwọn gun òkè nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Níbi ìpàdé tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọn yóò gbà, Ràhmát ló dìde, tó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà sílẹ̀ fún òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé bí ọparun Òkè-Àyìn kò bá ṣí, òun lòun kó ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ìlú mẹ́ta wá sẹ́sẹ̀ àpáta.

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Kó kọ́kọ́ lọ yẹ ọ̀nà náà wò ní jẹ́jẹ́, òun àti Desmond àti Levi. Tó bá dára, kó padà lọ lọ́jọ́ mìíràn pẹ̀lú ìró àti bùbá, kó wá tọrọ rẹ̀ bí ìyàwó. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Levi yìí, ọmọkùnrin kan tó ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi.

Wọ́n gbéra lọ́jọ́ kan tí òjò ti dá, tí ilẹ̀ gbẹ. Ojú ọ̀nà náà dùn ún gùn. Wọ́n gba oko kaṣú kan tí yangí rẹ̀ pọ́n bí osùn, òkúta wẹ́wẹ́ ń ta pàpàpà lábẹ́ táyà. Wọ́n ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táyà dín díẹ̀ kó lè di ilẹ̀ mú. Bí òkè bá le, wọ́n á dìde dúró lórí pẹ́dà. Bí ó bá ń sọ̀, wọ́n á sún ìdí sẹ́yìn, ìka méjì lórí bíréèkì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá fún bíréèkì pọ̀ lórí yangí, ilẹ̀ ló ń lọ kí. Ràhmát ń kọrin. Ibi tó ti ń kọrin náà ni wọ́n ti yọ lẹ́yìn ìtàkùn kan, ni abúlé bá là níwájú wọn gbàgà.

Abẹ́ igi máńgòrò iwájú agboolé Ògúntúndé kún fún èèyàn. Bẹ́ǹṣì wà níta. Ràhmát rò pé ìpàdé ẹbí ni. Gbogbo ọkọ ilé pátá ló jókòó yìí, òun rèé nínú èèpo ẹ̀wà. Ó fa jígí dúdú bo ojú, ó doríkodò, ó ní kí Desmond àti Levi má dúró o, kí wọ́n máa bọ̀. Ó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀. Nígbà tó dé iwájú wọn gan-an, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣèèṣì gbéra, ó jù ú sí wọn bí ìgbà tí gómìnà bá ń kọjá. Levi nìkan ló ní ẹ kúulé o. Eruku dìde lẹ́yìn wọn, ó sì bo àwọn tó jókòó.

Wọ́n dé ìdí ọparun. Yúnúsà dìde níbi tó jókòó sí, ìbọn rẹ̀ wà ní èjìká. Ó wo Desmond, ó wo Levi, ó wá wo obìnrin tó dé akoto, tó fi jígí bojú, tí eruku kùn láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó, káàbọ̀," ni Yúnúsà wí.

Bí Yúnúsà bá mọ̀ ọ́n nínú ìmúra yẹn, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Yúnúsà fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé òun kò lágbára àtigbé ọparun, kí wọ́n lọ rí Màmá Àgbà. Desmond ní ó yá, ẹ jẹ́ ká padà lọ bá wọn. Ẹni tó bá gbọ́n, ibẹ̀ ni ì bá ti padà, kó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́n. Ràhmát ní òun mọ ọ̀nà àbùjá kan lẹ́yìn odò tí kò ní gba iwájú ilé. Ó kó wọn wọ oko ẹ̀gẹ́, ó kó wọn la odò kọjá, ó wá kó wọn wọ inú wèrèpè.

Ẹni tí wèrèpè bá ti bá ṣeré rí kò ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti ibẹ̀ dé Ketu ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń họra. Desmond, alága, ẹni iyì, ń fi ẹ̀yìn ha ara ìjókòó bọ́ọ̀sì. Levi ní ká ní wọ́n kàn yà kí àwọn èèyàn yẹn ni, àwọn ì bá máa jẹ máńgòrò báyìí. Ràhmát ń họ itan.

Nílé, ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń fi epo pupa pa á lápá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń pa á. Orí ẹ̀rín náà ni fóònù rẹ̀ ti dún. Màmá Àgbà ni. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n béèrè Hidayat, wọ́n wá ní kó bá àwọn kí ìyàwó, kó sọ fún un pé àwọn rí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà òkè kò ṣí fún ẹni tí àwọn kò rí ojú rẹ̀. Wọ́n pa fóònù. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ọládipúpọ̀.

Inú Ràhmát bàjẹ́ gidigidi. Lọ́sẹ̀ yẹn, nílé ìwòsàn, kì í ṣe àwọn ọmọ tó ń gún lábẹ́rẹ́ nìkan lojú wọn pọ́n. Ọ̀rọ̀ àlejò ń dùn ún, ṣùgbọ́n èyí tó ń gún un lọ́kàn jù ni gbólóhùn kan yẹn, pé àwọn rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun lọ. Ọládipúpọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọkọ ni, òun kò lè dá sí i.

Ó dá lọ. Ó fi mọ́tò lọ, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó fi hìjáàbù tó gùn dé orúnkún bora, ó ra búrẹ́dì Èkó dání. Ó bá Màmá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Màmá Àgbà jẹ́ kó kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi mọ gbogbo òkúta tó wà nínú sìmẹ́ńtì. Wọ́n béèrè iṣẹ́. Wọ́n béèrè bóyá omi Agboyi ti fà. Wọ́n béèrè bí gbogbo àwọn ará Ketu ṣe ń ṣe sí, wọn kò dárúkọ kẹ̀kẹ́. Ràhmát ń dáhùn, ó ń dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ gidi máa dé. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló là á. Ó ní kí Màmá darí jì òun, ṣòkòtò tó wà nídìí òun lọ́jọ́ náà kì í ṣe ohun tí ìyàwó ń wọ̀ dé iwájú ọkọ, ìtìjú ló sì lé òun kọjá.

Màmá Àgbà gbé búrẹ́dì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé ṣòkòtò lo rò pé mò ń bá ẹ jà sí?" ni wọ́n wí. "Ọkọ rẹ ló fóònù sí mi pé orí kẹ̀kẹ́ lo wà tí o ń bọ̀. Mo wọ aṣọ òfì mi. Mo ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síta. Mo ránṣẹ́ sílé Balógun, mo ránṣẹ́ sílé Ìmáàmù, mo ní ẹ wá wo ìyàwó mi lórí kẹ̀kẹ́, ìyàwó mi ló ń ṣáájú àwọn ọkùnrin Èkó wá. Gbogbo wọn wá. Gbogbo wọn jókòó. O sì kọjá. Ìyá Ìmáàmù wá yíjú sí mi, wọ́n ní, 'Èwo ni tiyín nínú wọn?' Kí ni kí n sọ?"

Ohun tí Ràhmát fi pa mọ́ fún wọn ni ohun tí wọ́n fẹ́ fi yangàn. Ó rántí àwọn bẹ́ǹṣì yẹn, ó rántí aṣọ òfì tó tàn yanran lábẹ́ máńgòrò tí òun kò wò lẹ́ẹ̀mejì, ó rántí ọwọ́ tí òun jù sí wọn. Ó bú sẹ́kún. Ó sunkún bí àwọn ọmọ tó ń gún lábẹ́rẹ́, láìbo ojú. Màmá Àgbà kò ní kó má sunkún. Wọ́n fún un lómi mu nígbà tó ṣe tán.

Kò lẹ́nu àtitọrọ ọ̀nà mọ́. Nígbà tó dìde láti máa lọ ni Màmá Àgbà fúnra wọn béèrè ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀. Ó sọ ọ́.

"Ẹ gba iwájú ilé," ni wọ́n wí. "Má fi ìró wá. Ohun tó wà nídìí rẹ lọ́jọ́sí ni kó wà nídìí rẹ. Tí mo bá ti rí ojú rẹ, n ó mọ ohun tí n ó sọ nípa ọ̀nà."

Wọn kò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ràhmát gbé ìyẹn padà sí Alápẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ gún ọkọ rẹ̀ dáadáa, torí pé ó sọ fún wọn lóko, kò sì jẹ́ kí òun mọ̀ nílé. Ọládipúpọ̀ ní òun rò pé kò sí ìyàwó tí kò ní yà kí ọkọ ni.

Ọjọ́ pé. Òjò ti dáwọ́ dúró, koríko ṣì tutù, ọyẹ́ kò tíì wọlé. Àwọn ará Ìbàdàn dé, àwọn ará Abẹ́òkúta dé, kẹ̀kẹ́ lọ súà ní ìtòsí Ẹrúwà bí ọjà. Ràhmát ti sọ fún Desmond pé ọparun lè má ṣí. Desmond bi í léèrè kí ni àwọn yóò ṣe tí kò bá ṣí. Ràhmát ní àwọn yóò kí àwọn ẹbí òun, àwọn yóò sì padà. Desmond mí kanlẹ̀, ó họ apá. Kò sí wèrèpè níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló rántí.

Wọ́n gun oko kaṣú kọjá, Ràhmát ló ṣáájú. Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́yìn ìtàkùn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ níwájú ilé àkọ́kọ́ nínú abúlé. Ó bọ́ jígí, ó bọ́ akoto, ó fi gèlè kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí, ó kúnlẹ̀ kí ará ilé náà lórí yangí. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn náà sọ̀kalẹ̀. Ilé kejì, ó kúnlẹ̀. Ilé tó tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀. Àwọn lọ́yà àti òṣìṣẹ́ báńkì ń fa kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ tó fún mọ́ wọn lára, ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀. Levi, tí kì í ṣe Yorùbá rárá, dọ̀bálẹ̀ tí akoto rẹ̀ fi ro kàn-ín mọ́lẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ àwọn ìyá débi pé wọ́n ní kó tún un ṣe, ó sì tún un ṣe.

Bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ máńgòrò. Màmá Àgbà wà láàárín nínú aṣọ òfì, Ìyá Ìmáàmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ràhmát dé iwájú wọn, ó kúnlẹ̀ nínú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, ó gbé ojú sókè. Kò fi nǹkan kan bò.

"Èyí ni tèmi," ni Màmá Àgbà sọ fún Ìyá Ìmáàmù.

Wọ́n wá wo kẹ̀kẹ́ náà láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n mú Ràhmát wá sílé yìí, omi tútù ni wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé; kẹ̀kẹ́ yìí ńkọ́, ta ló fọ ẹsẹ̀ tiẹ̀? Wọ́n ní kí wọ́n bu omi wá. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n da omi sí táyà iwájú, wọ́n da sí ti ẹ̀yìn, wọ́n ń wúre bí wọ́n ṣe ń dà á, pé kó má kọsẹ̀, kó má jábọ́, kó gbé ìyàwó lọ kó gbé e bọ̀. Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín. Ni ará Abẹ́òkúta kan bá ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fọ ti òun náà. Àwọn tó kù tò sẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n tó fọ gbogbo rẹ̀ tán, abẹ́ máńgòrò ti di ẹrẹ̀, Desmond náà ti ń bá wọn pọn omi.

Màmá Àgbà ní kí Ràhmát gùn ún kí àwọn rí i. Ó gùn ún yí igi máńgòrò ká, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ojú ní gbangba. Wọ́n ní kó tún un ṣe, kí Ìyá Ìmáàmù lè rí i dáadáa, nítorí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni Màmá Àgbà pe Yúnúsà láìgbé ohùn sókè. Wọ́n ní kó lọ gbé ọparun kúrò, kí àlejò má gé igi, kí wọ́n má dáná nínú igbó, kí wọ́n máa lọ láyọ̀. Ohun tí Ràhmát ti ń lé kiri láti ọdún mélòó kan wá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣí i kò gùn ju ìkíni lọ.

Àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ rọ́ wọ inú igbó tíìkì. Ewé tíìkì tó ti gbẹ, tó fẹ̀ bí àbẹ̀bẹ̀, ń fọ́ kẹ́kẹ́ lábẹ́ táyà wọn. Ràhmát ṣẹ́ kù sẹ́yìn fún àdúrà. Àdúrà Màmá Àgbà kì í kúrú, wọ́n dé orí Hidayat, wọ́n dé orí àwọn ọmọ Ketu tó ń sá fún abẹ́rẹ́, wọ́n dé orí gbogbo ohun tó ní táyà. Nígbà tó ń ṣe àmín tó gbẹ̀yìn ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún Ìyá Ìmáàmù. Wọ́n nawọ́ sí ibi àpáta kan lókè, níbi tí ọ̀nà ti ń jáde kúrò nínú igi, tí gbogbo abúlé ń rí láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ má dìde o," ni wọ́n ń wí. "Ẹ jókòó kí ẹ máa wo ibẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi ni yóò kọ́kọ́ yọ."

Ràhmát wo òkè. Ó rí àwọ̀ aṣọ àwọn ará Ìbàdàn láàárín igi, ó rí Desmond, ó rí Levi lókè gbogbo wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí bí ẹ̀rọ. Ó wo Màmá Àgbà tó ti jókòó padà, tó ti tún aṣọ òfì ṣe, tó ti gbé ojú sókè de àpáta. Ó dé akoto, ó gun kẹ̀kẹ́, ó sì sá.

Ọ̀nà yẹn ga. Ó dìde dúró lórí pẹ́dà, ó fi àyà tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń wá ibi tí yangí ti le tí táyà kò ní yọ̀. Ó kọjá àwọn tó ti sọ̀kalẹ̀ tó ń ti kẹ̀kẹ́, kò dúró kí wọn. Ó kọjá àwọn ará Abẹ́òkúta. Ó kọjá Desmond, Desmond pe orúkọ rẹ̀, ó ń gùn ún lọ. Itan rẹ̀ ń jó, ọ̀fun rẹ̀ ń gbẹ, inú rẹ̀ sì ń dùn lọ́nà tí kò tíì dùn rí lórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, tí ojú ọ̀run ń hàn níwájú, táyà ẹ̀yìn Levi ló kù níwájú rẹ̀.

"Levi, yà fún mi."

Levi bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. "Aunty, kí ló ń lé yín?"

"Màmá Àgbà ti sọ fún wọn nísàlẹ̀ pé èmi ni n ó kọ́kọ́ yọ. Wọ́n ń wò wá báyìí. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n purọ́."

Levi wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe eré. Ó fa bíréèkì, ó sì yà sínú koríko.